Philippe Zdar, Ọ̀gá Ìdí Tábìlì Míkísì

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdọọdún ni ilẹ̀ Faransé máa ń ṣe àjọ̀dún orin tí wọ́n ń pè ní Fête de la Musique, èyí tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, tí àwọn olórin àti àwọn tí kì í ṣe olórin rárá sì ń gbé gìtá, ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde sí ẹ̀gbẹ́ títì láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, tí èrò ń jó láti ìkóríta kan dé èkejì. Ọjọ́ yìí gan-an ni àwo orin méjì jáde ní ọdún 2019. Ọ̀kan ni Dreems, ti ẹgbẹ́ Cassius tí ó fi Paris ṣe ibùgbé. Èkejì ni A Bath Full of Ecstasy, ti ẹgbẹ́ Hot Chip láti ìlú London. Ọkùnrin kan náà ni ó lọ́wọ́ nínú àwo méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí láyé mọ́ láti gbọ́ ohun tí ayé máa sọ nípa wọn, nítorí pé ọjọ́ méjì ṣáájú ni ó já bọ́ láti òkè ilé kan ní Paris nínú ìjàm̀bá, tí ó sì gba ibẹ̀ kú ní ẹni ọdún 52. Philippe Cerboneschi ni orúkọ rẹ̀. Philippe Zdar ni ayé mọ̀ ọ́n sí.

Púpọ̀ nínú àwọn ìwé ìròyìn tí ó kéde ikú náà pè é ní ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó dá Cassius sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó wà lára àwọn tí ó gbé orin house ilẹ̀ Faransé dé etí gbogbo ayé ní òpin ọ̀rúndún ogún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tó. Bí a bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún tí Zdar ṣe, a ó rí i pé ibi tí ipa rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù lọ ni ibi tí èrò ilé ijó kì í wò, ìyẹn ìdí tábìlì tí a ti ń po ohùn orin pọ̀, àti pé láìsí iṣẹ́ tí ó kọ́ níbẹ̀, orin ijó rẹ̀ kì bá tí dún bí ó ṣe dún.

Orin house, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ni orin ijó tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ìlú Chicago dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1985. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara ilé ijó kan tí ń jẹ́ Warehouse, níbi tí DJ kan, Frankie Knuckles, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu àwo fún èrò láti ọdún 1977. Ìlù ńlá tí ẹ̀rọ ń lù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: ó ń dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ìwọ̀n orin kọ̀ọ̀kan, kì í sáré, kì í fà sẹ́yìn, ó sì sábà máa ń tó 120 ìlù tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹni tí ń jó má bàa ní ìdí kankan láti dúró.

Láti ibi gbígbé tíì

Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1967 ni wọ́n bí Zdar ní Aix-les-Bains, ìlú kékeré kan lẹ́bàá àwọn òkè Alps ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó dé Paris ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin. Sítúdíò Marcadet ni ó lọ, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gbé tíì fún àwọn tí wọ́n wá gba orin sílẹ̀, tí ń ká wáyà, tí ń gbé máíkì kalẹ̀, kí ó tó di igbákejì ẹnjiníà ohùn. Ọ̀gá tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Dominique Blanc-Francard, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù lọ ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó ti gba orin sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ Pink Floyd ní ọdún 1972. Ọmọ ọ̀gá náà, Hubert, tí ó ń jẹ́ Boom Bass lágbo orin, ni ó wá di ọ̀rẹ́ àti alábàáṣiṣẹ́ Zdar títí di ọjọ́ ikú.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí ọmọ iṣẹ́ náà ń kọ́, nítorí pé lórí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí dúró. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin bá wọ sítúdíò, ohùn ohun èlò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, gìtá béèsì ní tirẹ̀, ohùn akọrin ní tirẹ̀, títí tí ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fi lè pé 24 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Míkísì ni iṣẹ́ tí ó kó gbogbo wọn jọ di orin kan ṣoṣo. Ẹnjiníà a jókòó sí ìdí tábìlì gbọọrọ tí bọ́tìnì kún bò, a gbé èyí sókè, a rẹ ìyẹn sílẹ̀, a ti òmíràn sí apá ọ̀tún, a bu gbohùngbohùn díẹ̀ sí ohùn akọrin kí ó lè dà bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ni ó ti ń kọrin, a sì gé lára ohùn gìtá kí ó má bàa bo ti béèsì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ̀wọ́ ìlù dùndún dáadáa yóò lóye ọ̀rọ̀ yìí kíákíá: ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí kẹ̀rìkẹ̀rì àti gúdúgúdú bá ru bò ó, tàbí bí wọ́n bá rẹlẹ̀ débi tí a kò gbọ́ wọn mọ́, ọ̀rọ̀ ìyáàlù kò ní dé etí ẹni tí ó ń bá wí. Ẹnjiníà ni ó ń rí i pé kálukú wà ní ipò rẹ̀.

Rap ni ó kọ́kọ́ gbà á

Orin rap èdè Faransé ni Zdar kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí fún. MC Solaar, tí wọ́n bí ní Dakar fún àwọn òbí tí wọ́n wá láti orílẹ̀-èdè Chad, gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Qui sème le vent récolte le tempo, jáde ní ọdún 1991, ó sì gbé Prose Combat tẹ̀lé e ní ọdún 1994; Boom Bass wà lára àwọn tí ó ṣe orin inú wọn, Zdar sì wà ní ìdí tábìlì. Àwo méjèèjì fi hàn pé èdè Faransé lè gùn lórí ìlù hip-hop láìkọsẹ̀, àwọn tí ń kọ ìtàn orin ilẹ̀ náà kò sì lè ṣàìdárúkọ wọn di òní.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí kò tẹ́ra mọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn nìkan. Wọ́n dá ẹgbẹ́ La Funk Mob sílẹ̀, wọ́n yọ ohùn akọrin kúrò nínú rap, wọ́n sì fi ìlù àti béèsì tí ó rìn jẹ́jẹ́ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Ilé-iṣẹ́ Mo' Wax ti ìlú London ni ó gbé iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1994. Pé ilé-iṣẹ́ òkèèrè ni ó kọ́kọ́ mọyì wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí fún ìran house tí ń bọ̀.

Pápá, ilé ìkẹ́rùsí àti òfin

Láàárín àkókò kan náà ni house àti orin ijó mìíràn tí wọ́n ń pè ní techno ti wọ Paris. Àwọn ọ̀dọ́ ń pàdé ní òru nínú ilé ìkẹ́rùsí tí a ti pa tì àti ní orí pápá, níbi àpèjẹ tí wọ́n ń pè ní rave, láti jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Zdar náà dé irú ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó sì yí padà bí ẹni tí ó gba ẹ̀sìn tuntun. Ìjọba kò fi ojú rere wo àwọn àpèjẹ náà: ní ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ agbègbè, wọ́n júwe rave gẹ́gẹ́ bí ibi eléwu ńlá nítorí oògùn olóró, ọ̀pọ̀ àpèjẹ ni wọ́n sì fòfin dè.

Òfin mìíràn tún wà tí kò dárúkọ house rárá ṣùgbọ́n tí ó kàn án. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1996 ni ó ti di dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Faransé pé kí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún orin tí wọ́n ń lù jẹ́ orin tí a kọ ní èdè Faransé. Rap jèrè òfin yìí púpọ̀. Orin house, tí kì í sábà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, tí díẹ̀ tí ó bá sì ní jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò rí ààyè nínú ìdá náà. Àwọn olùwádìí orin kan rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ Paris fi kọjú sí ọjà ìlú London láti ìbẹ̀rẹ̀, àlàyé náà sì bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mu.

Pansoul, àti ohun tí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lè ṣe

Ẹnjiníà mìíràn, Étienne de Crécy, ni Zdar bá ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú house. Iṣẹ́ sítúdíò ni ó so wọ́n pọ̀. Wọ́n pe ara wọn ní Motorbass, wọ́n sì gbé àwo Pansoul jáde fúnra wọn ní ọdún 1996, kí Homework ti Daft Punk tó jáde ní 1997, kí ayé tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ ní Paris.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú orin bẹ́ẹ̀ yẹ fún àlàyé. Ẹ̀rọ tí ń jẹ́ sáńpúlà ni ọkàn iṣẹ́ náà: ó ń gba ègé kékeré láti inú àwo orin àtijọ́, ó sì ń fún ẹni tí ó ń lò ó láyè láti tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ dùùrù, kí ó sì máa dún ní àdúntúndún. Ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn onírap àti àwọn oníhouse fẹ́ràn jù, SP-1200 ti ilé-iṣẹ́ E-mu ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 1987, kò lè gbà ju ohùn ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ lápapọ̀. Nítorí náà ni àwọn ọlọgbọ́n fi ń sáré yí àwo tí ó yẹ kí ó yí ní ìwọ̀n 33 sí ìwọ̀n 45 nígbà tí wọ́n bá ń gbà á, kí ó lè gba ààyè díẹ̀, kí wọ́n tó wá fà á padà sí ìrìn rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá sì ti fà á padà báyìí, ohùn náà a máa há díẹ̀, a dà bí ẹni pé eruku bò ó. Àbùkù ẹ̀rọ yìí ni ó di ẹwà orin náà. Wọ́n tún ń lo fílítà, ẹ̀rọ tí ń sẹ́ ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀ kúrò, tí ó fi jẹ́ pé orin a kọ́kọ́ dún bí ohun tí ń ti iyàrá kejì bọ̀, kí ẹnjiníà tó máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí èrò yóò sì hó yèè.

Nínú gbogbo àwo tí orúkọ Zdar wà lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórin, Pansoul ni ó dára jù lọ. Kò ní orin kan tí rédíò lè gbé gẹ̀gẹ̀, kò sì wá ojú rere ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n béèsì rẹ̀ wúwo láìdí etí, ìlù rẹ̀ sì ní àlàfo láàárín tí ara ẹni tí ń jó lè wọ̀. Ọwọ́ àwọn méjì tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún po ohùn àwọn ẹlòmíràn pọ̀ nìkan ni ó lè ṣe é.

Cassius

Òkìkí ńlá wá dé nígbà tí Zdar àti Boom Bass yí orúkọ padà sí Cassius, tí wọ́n sì gbé àwo 1999 jáde ní oṣù kìíní ọdún náà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Virgin. Ègé orin Donna Summer ni ó wà ní ìpìlẹ̀ orin tí ó ṣáájú àwo náà, ti Gwen McCrae sì ni ó wà nínú Feeling for You. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjì yìí ti kọ orin wọn ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Àwọn ọmọ Faransé méjì sì sọ ọ́ di tuntun fún ìran tí kò mọ̀ wọ́n.

Awuyewuye kò ṣàìwáyé lórí èyí. Àwọn kan gbà pé gígé orin onílé lò kò yàtọ̀ sí jíjẹ iṣẹ́ tí ènìyàn kò ṣe, àwọn mìíràn sì ń sọ pé bí a bá ti san owó ẹ̀tọ́, tí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ sì wà lára àwo, orin àtijọ́ ni ó jèrè. Àwọn ìhà méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Cassius fúnra wọn tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà: nígbà tí wọ́n gbé orin I Love U So jáde ní ọdún 2010, kò pé ọdún méjì tí Jay-Z àti Kanye West fi gé e lò nínú àwo wọn, Watch the Throne. Àwọn tí ń gé ti ẹlòmíràn ti di ẹni tí a ń gé tirẹ̀.

Cassius tún ṣe Au Rêve ní 2002 àti 15 Again ní 2006. Wọn kò gbé àwo mìíràn jáde títí di Ibifornia ní ọdún 2016, èyí tí Pharrell Williams àti Cat Power kọrin nínú rẹ̀. Odidi ọdún mẹ́wàá. Àwọn olólùfẹ́ house kan kùn pé ọ̀lẹ ti wọ ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ohun tí Zdar ń ṣe láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Òpópónà rue des Martyrs

Ní òpópónà rue des Martyrs, ní agbègbè Pigalle tí ilé ijó àti ilé ọtí kún, ni Zdar dá sítúdíò tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì fún un ní orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, Motorbass. Ibẹ̀ ni ó ti di ẹni tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì ń wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹgbẹ́ Phoenix, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú Versailles, ni ó jàǹfààní jù. Zdar ni ó míkísì àwo wọn àkọ́kọ́, United, ní ọdún 2000. Nígbà tí wọ́n sì ń ṣe ẹ̀kẹrin, Wolfgang Amadeus Phoenix, ó bá wọn jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin gẹ́gẹ́ bí olùdarí iṣẹ́. Àwo náà jáde ní 2009, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy ní oṣù kìíní ọdún 2010 ní ìsọ̀rí orin tí wọ́n ń pè ní alternative. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin 1901 láti inú rẹ̀ yóò rí ọwọ́ DJ níbẹ̀: gìtá ni wọ́n ń ta, ṣùgbọ́n ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ń lu àyà ẹni bí ti ilé ijó, gbogbo ohùn yòókù sì ń yẹra fún un bí ó bá ti dún. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ rọ́ wọlé. Ó darí àwo In the Grace of Your Love fún The Rapture, ó míkísì Hot Sauce Committee Part Two fún Beastie Boys, ó míkísì Sun fún Cat Power, ó sì bá Franz Ferdinand ṣe Always Ascending ní 2018.

Ilé ijó ni ó ti mú ìmọ̀ yìí wá. Ẹnjiníà tí kò kúrò nínú sítúdíò rí kò mọ̀ bí orin ṣe ń rí lára ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní aago mẹ́ta òru; DJ tí kò kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà rí sì lè mọ ohun tí èrò fẹ́ láìmọ bí a ṣe ń kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀. Zdar ní méjèèjì. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi òkìkí Cassius nìkan wọn iṣẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọ Èkó nínú La Ritournelle

Orin kan wà tí ó yẹ kí àwọn tí ó ń sọ èdè Yorùbá fi etí sí jù lọ nínú gbogbo èyí. Ní ọdún 2004, olórin Faransé kan, Sébastien Tellier, gbé àwo Politics jáde, La Ritournelle sì wà nínú rẹ̀, orin tí ó ju ìṣẹ́jú méje lọ, tí dùùrù ṣí, tí gòjé sì gbé sókè. Ẹni tí ó lu ìlù rẹ̀ ni Tony Oladipo Allen, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1940, tí ó bá Fẹlá ṣiṣẹ́ láti ọdún 1964 títí di òpin àwọn ọdún 1970, tí ó bá a fi ìpìlẹ̀ Afrobeat lélẹ̀, tí ó sì wá fi Paris ṣe ilé. Zdar ni ó po ohùn orin náà pọ̀.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Bí Tony Allen bá ń lùlù, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì àti ọwọ́ méjèèjì ni kálukú ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ẹnjiníà bá fún ìlù náà pọ̀ jù kí ó lè dún kíkan, àwọn ìlù wẹ́wẹ́ tí ó ń fi ọ̀pá kàn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ yóò parẹ́. Bí ó bá sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gòjé yóò bò wọ́n. Nínú La Ritournelle, a gbọ́ gbogbo rẹ̀. Dùùrù ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlù ni ó ń yí padà lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹnjiníà sì fún un ní ààyè iwájú tí ó tọ́ sí i. Àwọn tí kò mọ ohunkóhun nípa Afrobeat ti jó sí ìlù náà ní ibi ìgbéyàwó àti ní etí òkun káàkiri Yúróòpù. Tony Allen kú ní Paris ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020, kò tíì pé ọdún kan tí Zdar lọ.

Lẹ́yìn Zdar

Phoenix kọ orin Identical ní ìrántí rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Zdar fúnra rẹ̀ gbà kọ́ṣẹ́ ni ó ń dí lẹ́yìn rẹ̀: kọ̀ǹpútà alágbèéká ti jẹ́ kí ọ̀dọ́ ṣe odidi àwo nínú yàrá rẹ̀, èyí tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ tálákà tí kì bá tí rí owó sítúdíò san, ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ iṣẹ́ lè ti jókòó ti ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, kí ó máa wo ọwọ́ rẹ̀, ti ń dín kù. Àwọn ẹnjiníà àgbà ń kédàárò rẹ̀, wọ́n sì jàre, nítorí pé etí kò ṣeé kọ́ nínú ìwé.

Nǹkan kan ṣì wà tí ó yẹ kí ó ká àwọn olólùfẹ́ orin lára nílẹ̀ Yorùbá. Orúkọ Zdar wà lára àwo tí ó ṣe, ìdí sì nìyí tí a fi lè tọ ipa rẹ̀ láti Solaar dé Phoenix àti Tony Allen. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jókòó sí ìdí tábìlì nígbà tí wọ́n ń gba orin jùjú, àpàlà, fújì àti Afrobeat sílẹ̀ ní Èkó kò rí irú ọlá bẹ́ẹ̀ gbà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń tún àwo wọ̀nyẹn tẹ̀ jáde lónìí. Kí àwọn tí ń tún wọn tẹ̀ wá orúkọ ẹnjiníà kọ̀ọ̀kan rí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn àwo, nígbà tí àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ ṣì wà láyé láti jẹ́rìí.